Mẹ́rin Nínú Mẹ́tàdínlógún

Àǹtí Wúràọlá ò bá mi jà nígbà tí mo ní kó fún mi nínú ìpara tó ń pò.
Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà ti fẹ́ pọ́n."
Ó kó mẹ́tàdínlógún sínú láílọ́nù dúdú,
ó ní kí n rọra, kí oòrùn Mọ́kọ́lá má pa á.

Mo gbé e dé yàrá àyẹ̀wò wa ní Àgbowó,
lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí fáànù ti ń dún bí ẹni tí èémí ń há.
Mo tò wọ́n sórí tábìlì.
Nọ́ńbà ni mo kọ sí wọn lára, mi ò kọ orúkọ,
torí orúkọ a máa tan ojú jẹ.
Ọ̀kan ń jẹ́ Ẹyin Àdàbà.
Ọ̀kan ń jẹ́ Òyìnbó Lọ́sẹ̀ Méjì.
Ẹ̀kẹsàn-án ò lórúkọ rárá,
inú ike bọ́tà àtijọ́ ló wà,
Àǹtí fi ọ̀rá bò ó lẹ́nu, ó fi rọ́bà dè é.

Iṣẹ́ wa ò le lójú ẹni tó ń wòran.
A ó bù díẹ̀, ìwọ̀n èékánná ọmọ ọwọ́,
a ó wọ̀n ọ́n, a ó da ásíìdì sí i, a ó gbé e kaná,
a ó sì dúró.
Ìdúró yẹn gan-an niṣẹ́.
Ọ̀gá Títílóyè ní májèlé kì í pariwo:
"Ìwọ̀n ni kí o bi léèrè.
Iyọ̀ tó ń mú ọbẹ̀ dùn náà ló ń pa ìgbín."
Ó ní kí n má bẹ̀rù orúkọ gígùn tó wà lẹ́yìn páálí,
kí n má sì torí pé wọ́n ní ewé ni, kí n sùn lọ.
"Èèsìsì náà, ewé ni. Lọ fi para."

Ìkíní mọ́.
Ìkejì, òrí lásán àti òórùn òdòdó. Mo fi díẹ̀ ra ìgúnpá mi.
Nígbà tí mo dé orí ìkẹsàn-án, mo ní ọwọ́ mi ló gbọ̀n.
Mo tún un wọ̀n.
Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.
Mákíúrì:
irin tó ń ṣàn bí omi,
tí kì í dúró sójú awọ tí a pè é sí,
tó ń gba abẹ́ lọ bá kíndìnrín nínú òkùnkùn.

Mo wá rántí oríkèé ìka Àǹtí.
Ojú rẹ̀ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀,
oríkèé kọ̀, ó dúdú síbẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
bí ẹlẹ́rìí tí kò gba rìbá.
Mo rántí Ìbíyẹmí ọmọ rẹ̀ ní Adéọ̀yọ́
lọ́jọ́ tí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ jáde.
Wọ́n rán ojú abẹ, awọ ya.
Wọ́n tún un rán, ó ya bí ìwé tí òjò pa.
Ọjọ́ méjìlélógún lórí bẹ́ẹ̀dì:
a bi í bóyá ó jẹun, a bi í ta ló ń bá a jà,
kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó ń fi para.

Mo mú èsì lọ sí Mọ́kọ́lá ní ìrọ̀lẹ́.
Mẹ́rin nínú mẹ́tàdínlógún.
Àǹtí ò sunkún. Ó ní, "Mẹ́tàlá tó kù ńkọ́? Ṣé mo lè tà wọ́n?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó tún wo bébà náà, ó fi ìka tọ ìlà kẹsàn-án.
"Èyí tí mo ń fún Ìbíyẹmí nìyẹn. Mi ò gbowó rẹ̀ rí."

Ó gbé ike bọ́tà, ó ń lọ síbi gọ́tà.
Mo dì í lọ́wọ́ mú.
Gọ́tà ilé wa, Ògùnpa ló ń ṣàn sí,
àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò náà, ara ló wà lọ́rùn wọn.
A jọ dúró síbẹ̀,
ọwọ́ mi lórí oríkèé ìka rẹ̀,
a ò mọ ibi tí a ó dà á sí.